Bàbá Mi, Ọlọ Yín Wà ní Balùwẹ̀ Mi

Bàbá mi tí mo lè pè títí kí n má gbọ́ ìdáhùn,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo kàwé dé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé, orúkọ oníbàárà nìkan ni mo máa ń kọ, tí mo bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tí wọ́n fún wa rán. Bírò ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì ń falẹ̀. Kí n tó kọ ọ̀kan tán, èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e á ti sá lọ. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé mo pa nǹkan rẹ́, ẹ kàn fò ó.

Ọjọ́ Jímọ̀ lòní. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìyá ọkọ mi wà lórí àpáta lẹ́yìn ilé, wọ́n ń sá gbodo. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá, mo sì ní láti yára, nítorí ọkọ mi ní bí òun bá ti kírun dé, òun á gbé òòlù, òun á sì bi mí ní ọ̀rọ̀ kan. Mo ní láti mọ ohun tí màá sọ kó tó dé. Mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè bá rò ó.

Ọ̀rọ̀ ọlọ yín ni. Èyí tó ní ihò láàárín. Mo mọ ibi tó wà. Bàbá, inú balùwẹ̀ ilé ọkọ mi ní Ṣakí ló wà. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, inú ihò rẹ̀ ni omi ọṣẹ àti ìdọ̀tí ara gbogbo wa ń gbà lọ sí gọ́tà. Orí rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí wẹ̀ láràárọ̀.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Mo rò pé ọwọ́ mi ò ní gbà láti kọ ọ́.

Ẹ ò jẹ́ ká ní ilé bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa l'Àgọ́-Àmọ̀dù, ọlọ ni yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Ọlọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ọlọ nídìí ìkòkò omi, ọlọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti Ìyá mi ń sùn sí. Bàbá ẹlòmíì ń lọ sóko, ó ń ru iṣu bọ̀. Ẹ̀yin ń lọ sóko, ẹ ń gba inú ahoro bọ̀ pẹ̀lú òkúta lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Gbogbo ibi tí àwọn ará àtijọ́ gbé rí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó, ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé bí ogun bá lé èèyàn, ó lè gbé ọmọ sá, ó lè gbé adìẹ sá, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọlọ. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí ọlọ fi ń gbẹ̀yìn nínú ahoro, tó ń dúró de obìnrin tí kò ní padà wá mọ́.

Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gba àárín àwọn ọmọ iléèwé kọjá, ẹ̀yin kọ́. "Ọmọ Bàbá Ọlọ́lọ, bá wa lọ ata!" Bí wọ́n ṣe ń pariwo tẹ̀lé mi lẹ́yìn nìyẹn títí màá fi dé ilé.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ẹ ó máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ọlọ, ẹ ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ àná." Ẹ ó fi hàn mí bí ojú rẹ̀ ṣe jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó ní ọlọ́wọ́ òsì lẹni tó ni ín. Ẹ ó fi òmíràn hàn mí, ẹ ó ní obìnrin kúkúrú ló ni èyí, wo bí kò ṣe nawọ́ débí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbàgbé orúkọ àwọn àbúrò Ìyá mi!

Oníhò ni ọ̀gá wọn. Wọ́n ti lọ nǹkan lórí rẹ̀ títí àárín rẹ̀ fi lu, etí ihò náà sì dán bí eyín ọmọdé. Ẹ ní kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ló dá a lu. Ìyá lọ̀ ọ́, ó fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ lọ̀ ọ́, ó fi sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, títí ó fi kan obìnrin kan tó gbé ata sórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ata sì jò bọ́ sílẹ̀. Ẹ máa ń bi mí pé, kí ni obìnrin yẹn ṣe lọ́jọ́ náà? Ṣé ó sunkún ni, àbí ó rẹ́rìn-ín? Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ títí dòní.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e dé. Ibà ń ṣe Ìyá mi. Wọ́n ní kí ẹ lọ ra oògùn wá láti Ṣakí. Ẹ ra oògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ fún yín lọ́nà pé òkúta kan tó lu wà nínú oko kajú òun, ẹ sì yà síbẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ti fi rọ́bà dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ náà bọ̀, ẹ ò gùn ún, ẹ ní kí táyà má bàa bẹ́. Oògùn wà lápò yín. Ìyá mi wò yín láti orí ẹní, wọ́n wo òkúta náà, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá ọmọ mi. Ṣé ìyàwó tuntun nìyẹn?"

Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Orogún mi. "Ẹ bá mi gbé Orogún mi kúrò lójú ọ̀nà, mo fẹ́ gbálẹ̀." "Orogún mi, ṣé o jí dáadáa? Ìwọ ṣáà ni ọkọ wa ń rí." Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nínú gbogbo ọlọ tó kún ilé wa, kò sí ọ̀kan tí Ìyá mi lè fi lọ ata. Ẹ ní ojú wọn á yí padà, ẹ ò ní lè mọ ọwọ́ àtijọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́ tuntun mọ́. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá bàjẹ́, Ìyá mi á gbé abọ́ ata, wọ́n á lọ yá ọlọ lójúlé kejì. Obìnrin ibẹ̀ á ní, "Ìyàwó Bàbá Ọlọ́lọ, ṣé tiyín ti tán nílé ni?" Ìyá mi á kúnlẹ̀, wọ́n á lọ ata wọn, wọ́n á dúpẹ́. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀? Ṣé wọ́n sọ fún yín rí? Ẹ mọ bí obìnrin tó ti kú láyé ogun ṣe ń tẹwọ́ mọ́ ọlọ, ẹ ò mọ irú ojú tí ìyàwó yín ń gbé ti ilé onílé bọ̀. Ẹ lè wo òkúta kí ẹ sọ iye ìran tó jẹ ẹ́, ẹ ò rí i pé ìsàlẹ̀ bàtà tí mo ń wọ̀ lọ síléèwé ti lu bíi ọlọ yín.

Mi ò kọ̀wé yìí láti bá yín jà o. Tàbí bóyá ìjà náà ni.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí àìsàn tiyín wá le, ẹ pè mí, èmi nìkan. Ẹ ní bí ẹ bá kú, kí n rí i pé wọ́n gbé oníhò sí ibi orí yín, kí koríko máa gba inú ihò rẹ̀ hù jáde. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún ọkùnrin kankan? Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa obìnrin kì í bá wọn dé ìdí sàréè. Ẹ mọ̀ pé ohùn mi kì í jáde láàárín àgbà. Kí ẹ tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé èèyàn lórí, ṣé ẹ ò kọ́kọ́ wo ọrùn rẹ̀?

Mo gbìyànjú. Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ yín lọ́wọ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Sùlé, láàárín àwọn ọkùnrin tó wà lójúde, mo ní ẹ ní kí wọ́n gbé ọlọ oníhò sí orí sàréè yín.

"Ọlọ wo?" ni Bàbá Sùlé wí. "Èyí tí wọ́n fi ń lọ ata? Kí n gbé ọlọ lé àbúrò mi lórí bí ẹni tó ń lọ se ọbẹ̀ lọ́run?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá. Òkú yín wà nílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Dìde ńlẹ̀, ọmọ yìí. Mùsùlùmí la fẹ́ sin, a ò sin ọlọ́lọ. Bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ wọlé."

Mo dìde. Mo wọlé. Mo ní lọ́kàn mi pé ọlọ ṣáà wà ní yàrá, kò ní sálọ, ta ni í jí ọlọ gbé? Ọjọ́ kan á wà tí màá rí ẹni bá mi gbé e dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ yín, àbúrò Ìyá mi mú mi lọ sí Ìsẹ́yìn, mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìròyìn tó kù, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó fẹ́ mọ̀. Mo ti lọ́kọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà tó wá tún ògiri ẹ̀yìn ilé wa rẹ́ ni, ọmọ Ṣakí tí kì í fẹ́ jẹun tí a bá gbé oúnjẹ fún un àfi kó kọ́kọ́ fọ ṣọ́bìrì ẹ̀ tán. Ẹ mú un wọ yàrá lọ́jọ́ náà, ẹ ní kó ti ọwọ́ bọ inú ihò ọlọ kó sọ ohun tó gbọ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, pé òun kàn mọ̀ pé ó tutù. Ẹ ní, "O ò purọ́. Ó dáa." Ó padà wá, ẹ̀yin ti lọ. Ó ń ṣe dáadáa sí mi, Bàbá. Kì í pariwo lé mi lórí. Mo ń retí pé ilé wa á dùn, mo sì ń retí rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́, ó lọ kí Bàbá Sùlé, ó sì bá wọn níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi yàrá yín gba ayálégbé. Bàbá Sùlé ní, "Àna mi, o káre tó o wá. Bá mi kó ìdọ̀tí yìí kúrò nílẹ̀." Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ èèyàn, ṣé ó lè kọ iṣẹ́ àna? Bí wọ́n bá ní kó lọ fi agbọ̀n gbọ́n odò, á bẹ̀rẹ̀. Ó háyà ọkọ̀, ó kó gbogbo òkúta yín sí i, ó kó wọn dé Ṣakí. Mo wà níbi ẹ̀rọ ìránṣọ ní Ìsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi.

Ó máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé òun ń kọ́ ohun kan de mi. Páànù tó ti dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe balùwẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀, pátákó jíjẹrà ni wọ́n ń dúró lé. Ó wó gbogbo rẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, ó fi ilẹ̀kùn sí i. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi wọlé ọkọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó gbé omi gbígbóná síbẹ̀ fún mi, ó ní, "Lọ wẹ̀. Ìwọ ni màá fi ṣí i." Ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọdé tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn.

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti wẹ̀ dé ìdajì kí fọ́ọ̀mù ọṣẹ tó ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Mo rí ihò. Mo ní, rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan etí rẹ̀, mo sì kan ibi kékeré tó ti fọ́, níbi tí ẹ gbé e kọlu òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wọlé. Mo dúró lórí rẹ̀ títí omi tó kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fi tutù. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ sí. Kò sí ibòmíì tí èèyàn ń tẹ̀ nínú balùwẹ̀ náà.

Nígbà tí mo jáde, gbogbo ilé ti jókòó. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ṣé o ti wẹ̀?"

"Mo ti wẹ̀, Màmá."

"Ṣé balùwẹ̀ dára?"

"Ó dára, mà."

Wọ́n ń wò mí. Ọkọ mi náà ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kí n kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí n kí ọkọ mi pé ó kú iṣẹ́, ó kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kó kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo yanu. "Ẹ ṣé" nìkan ló jáde, kò sì dé etí ẹnì kejì. Mo dìde, mo wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà, ilé tutù sí mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀, Màmá á máa bá adìẹ sọ̀rọ̀: "Adìẹ mi, jẹun o. Ìwọ mọ ẹni tó ń fún ọ lóúnjẹ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ló rí." Ọkọ mi á jẹun tán, á fọwọ́, á jáde. Kò bá mi jà. Ó kàn dà bí ẹni tó dá ọwọ́ nínà padà sápò.

Àná ló wá bẹ́. Ọkọ mi ní àbúrò kan tó ń lọ sí pólì. Bí mo ṣe bá a nílé, ọkọ mi ni òun náà, mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, bírò kì í kúrò lápò rẹ̀. Ọ̀kan nínú bírò rẹ̀ ni mo ń fi kọ èyí. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án, Akọ̀wé dé, ó wọ balùwẹ̀, kò pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá, ẹ foríjì mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó ń tọ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilé wo ni wọn kì í ti í tọ̀ ní balùwẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ń súfèé, ó ń fi ihò náà ṣeré, ó ń wá àárín rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wọlé tó tún ń bọ́ sétí.

"Ẹ má tọ̀ síbẹ̀!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹ má tọ̀ sórí ẹ̀! Orí bàbá mi nìyẹn!"

Mi ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta bí ọmọdébìnrin, "Kí ló dé? Ṣé ejò ni?" Akọ̀wé jáde, ó di ṣòkòtò mú.

"Màmá, ẹ gbà mí! Ìyàwó wa fẹ́ pa mí. Ṣé èèyàn ò lè tọ̀ nílé bàbá ẹ̀ mọ́ ni?"

"Orí bàbá ta ló wí?"

"Ẹ bi í o. Èmi ò rí orí kankan níbẹ̀."

Màmá káwọ́ lérí. "Ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀! Ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀, orí òkú ló fi bẹ̀rẹ̀."

Mo sá wọ yàrá. Ọkọ mi wọlé tẹ̀lé mi, ó jókòó sílẹ̀, kò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé o mọ̀ pé ti Bàbá ni?"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀."

"O mọ̀ látọjọ́ náà," ó ní, "o ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Bàbá, ó ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àṣìṣe. Ó ní nígbà tí Bàbá Sùlé ní kí òun kó gbogbo rẹ̀ dànù, òun rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí òun tọwọ́ bọ ihò. Ó ní òun ò lè dà á nù, òun ò sì mọ ibi tí òun lè gbé òkúta sí nínú pálọ̀ ìyá òun. Ó wá ní òun á fi í sí ibi tí ẹsẹ̀ mi á ti máa kàn án láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí mi, kó lè dà bíi pé mi ò tíì fi ilé bàbá mi sílẹ̀ tán. Ó ń retí kí n dá a mọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo rò pé mò ń gbé ìbànújẹ́ mi pamọ́ fún un, òun ń retí kí n sọ pé ó ṣé.

Mo wá sọ ohun tí ẹ ní kí n ṣe fún un.

"Bàbá Sùlé ò sọ fún mi," ó ní. "Ìwọ náà ò sọ fún mi."

Mo bi í léèrè àwọn tó kù. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo fi òòlù fọ́ wọn sí ìpìlẹ̀. Abẹ́ balùwẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn wà."

Gbogbo wọn, Bàbá. Ọlọ́wọ́ òsì. Obìnrin kúkúrú. Gbogbo àwọn tí ẹ ń kí láàárọ̀.

Ó ní, "Bí mo bá ti Jímọ̀ dé lọ́la, tó o bá fẹ́, màá hú u. Màá gbé e lọ sí Àgọ́ fúnra mi, màá sì bá Bàbá Sùlé sọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Etí ihò yẹn ti fẹ́lẹ́, sìmẹ́ńtì sì ti gbá a mú. Ó ṣeé ṣe kó là lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo máa sọ èyí tó o fẹ́."

Màmá wà lẹ́yìn kọ́tìnì. "Ẹ fẹ́ fọ́ balùwẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò? Ká padà sídìí páànù nítorí òkúta? Èmi ò sọ̀rọ̀ o. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi."

Mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ìwọ lo máa sọ èyí tó o fẹ́. Bàbá, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ẹ̀yin náà ò sọ ọ́.

Mo ti rò ó. Ó yẹ kí n pa ọ̀rọ̀ yín mọ́, ọ̀rọ̀ òkú ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó hú u tó sì là, kí ni màá gbé wá fún yín? Apá òkúta méjì tí kò ní ihò mọ́, tí koríko ò ní rí ibi gbà. Bí kò bá là ńkọ́? Á wà níbi orí yín, sàréè Ìyá mi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìní nǹkan kan lórí. Ṣé ẹ rò ó? Nígbà tí ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ṣé ẹ rántí wọn rárá?

Nítorí náà, kò ní wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ bínú bí ẹ bá fẹ́ bínú. Ẹ kó wọn ní ahoro wọn, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni. Bàbá Sùlé lé wọn jáde, kò bi ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi fọ́ wọn, ó rẹ́ wọn mọ́lẹ̀, ìfẹ́ ló fi ṣe é, kò bi mí. Ẹ̀ẹ̀kan yìí tí wọ́n wá bi mí, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kó wà lórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó lọ̀ ọ́ lu, wọn ò fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ fún orí ọkùnrin kankan. Omi ni wọ́n ń dà sí i láràárọ̀, bí èmi náà ṣe ń dà á. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí. Nígbà tí mo bá wá kí yín l'Àgọ́, ọwọ́ òfìfo ni màá gbé wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí màá gbà. Màá kúnlẹ̀ láàárín ilé, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi bó ṣe yẹ, kí Màmá gbọ́, kí adìẹ wọn náà gbọ́. Lẹ́yìn náà, mi ò ní dìde. Màá ní, Màmá, ẹ̀yin ọkọ mi gbogbo, mo bẹ̀ yín, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ̀ ní balùwẹ̀ yìí mọ́. Kí ẹ lọ sí ṣáláńgá. Ẹni tó bá tọ̀ síbẹ̀, èmi ìyàwó ilé á pariwo, ẹ sì ti gbọ́ ariwo mi. Mo ti ń kọ́ ọ sórí láti àárọ̀ bí ẹni ń kọ́ súrà. Wọ́n lè bú mi. Akọ̀wé lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di ọdún tó ń bọ̀. Màá sọ ọ́ ṣáá.

Mo ń gbọ́ ọ̀kadà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ń sọ fún un pé mi ò tíì jáde láti àárọ̀. Ó ti gbé òòlù, mo gbọ́ bó ṣe wọ́ ọ nílẹ̀.

Ó ń pè mí. Kí Ọlọ́run fún mi lóhùn, ẹ bá mi ṣe àmín. Ọmọ yín ṣì ni mí, Bàbá, mo fẹ́ràn yín pẹ̀lú gbogbo ìbínú yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tí mo bá ń wẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí ihò náà, màá ní, ẹ káàárọ̀ o,